Mo Ṣe Àlejò ní Ilé Bàbá Wa

                                        Ojúlé 47, Òpópónà Paineiras,
                                        Vila Aurélia,
                                        Campinas.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Keje, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi Marinalva, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láàárọ̀, mo kí yín lálẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Goiânia. Ẹ kú òtútù, bí òtútù bá tilẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣé ara yín yá? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Bọ̀ọ̀dá Tarcísio ńkọ́, ṣé ọkọ̀ akẹ́rù náà ni wọ́n ṣì ń wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ sọ fún Jussara pé mo rí àwòrán tó yà ránṣẹ́, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Claudemir ní ẹṣin ni, èmi ní ajá ni. Kí ó bá wa parí ìjà náà.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìgbéyàwó wa pé oṣù mẹ́rin lánàá. Claudemir ṣì ń ṣe búrẹ́dì, méjì tó gbóná ni ó máa ń fi sábẹ́ ẹ̀wù bọ̀ fún mi láràárọ̀. Jẹ́jẹ́ ni ó ń ṣe mí. Ojú ṣì ń tì mí láti pè é ní ọkọ mi níwájú èèyàn. Bí mo bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ohùn mi a wálẹ̀, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ a sì bi mí pé ta ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì wo ìkọ̀wé mi, ẹ mọ̀ pé kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí Bàbá.

Ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó ka ìyókù. N ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kódà ibi tí mo ti ṣìwà hù.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa, Dona Zuleide lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń háyà bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ sí etí òkun. Ní oṣù tó kọjá, ó lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tí Claudemir ti ń ṣiṣẹ́: ọjọ́ méjì ní Santa Ifigênia do Alto, ẹ wá sùn lóko kọfí, ẹ wá jẹ oúnjẹ orí ààrò, ẹ wá wo bí ará oko ṣe ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka orúkọ ìlú wa. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ Boa Espera sí. Oko tí wọ́n bí wa sí ti di òtẹ́ẹ̀lì.

Mo sọ fún Claudemir pé ibẹ̀ ni kí ó mú mi lọ, nítorí a kò tíì jáde lọ síbì kankan láti ìgbà ìgbéyàwó. Ó wò mí. Ó ní, "Oko? Àwọn èèyàn ń sá kúrò lóko, ìwọ fẹ́ sanwó lọ bá a." Mo kàn rẹ́rìn-ín. N kò tíì sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo ti wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ìyá wa ti kú, pé bàbá wa wà lọ́nà jíjìn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó fi ara jọ ọ́.

Kí ni ǹ bá sì wí? Ẹ̀yin tọrọ ìre lọ́wọ́ Bàbá kí ẹ tó tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá Tarcísio lọ. Èmi, nígbà tí Àǹtí Dirce wá mú mi lọ sí Campinas lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, Bàbá wà níbi tí a ti ń sá kọfí. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kí ó súre fún mi, yóò kọ̀, n kò sì ní lè lọ mọ́. Ni mo bá gba ẹ̀yìn ọgbà jáde bí olè. Ọdún méje nìyẹn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá kúrò nílé láìtọrọ ìre lọ́dọ̀ wa. Mo fi ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí i, kò wá, kò sì ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí àwo bá fọ́ nínú ilé wa, bí Claudemir bá wúkọ́, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ìre Bàbá kò sí lórí wa. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn, kí n tọrọ ohun tí n kò tọrọ, kí n lè máa gbé ilé ọkọ mi bí ọmọ tó ní bàbá.

Ọjọ́ Sátidé la gbéra. Kùrukùru ti bo orí òkè nígbà tí a dé. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, wọ́n ṣí akẹtẹ̀ fún bọ́ọ̀sì wa bí wọ́n ṣe ń ṣí i fún òkú àti fún àlejò. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ juwọ́ sí wọn, mo tún fi ọwọ́ náà nu fèrèsé.

Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó bà mí nínú jẹ́ jù. Wọ́n ti kùn wọ́n, ọ̀kan bí aró, ọ̀kan bí ẹyin adìẹ, wọ́n gbin òdòdó síwájú wọn. Ilé ìyá Benedita ti di ibi tí wọ́n ń ta wàràkàṣì. Ilé Orozimbo, níbi tí a ti máa ń jó ní oṣù kẹfà, ti di ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àlejò. Mo wọ ibẹ̀, n kò lè tọ̀, mo jáde. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ àfi nínú ilé kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun, èyí tí wọn kò tíì kùn. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ilé wa ni.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Patrícia ni òtẹ́ẹ̀lì fi síwájú wa. Ó kó wa lọ síbi ìsákọfí, ó ní, "Bàbá àgbà Anízio wa rèé. Orí oko yìí ni wọ́n bí i sí, ó di ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò tíì fojú rí òkun." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ti ní kí èèyàn máa rín. Akẹtẹ̀ tuntun ni wọ́n dé e lórí, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ó ti rù, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìgbà tí wàrà bá kán sínú omi.

Gilmar onígbàjámọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ wá, ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń mu kọfí yìí, àbí ẹ kàn ń yí i?"

Bàbá ní, "À ń mu ún, ọ̀gá. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára tiyín là ń mu."

Claudemir rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ó ní kí Bàbá gbé akẹtẹ̀ sókè díẹ̀ kí òun lè yà á ní fọ́tò. Bàbá gbé e sókè. Mo wà lẹ́yìn gbogbo wọn, mo ń wo bàtà mi.

Patrícia wá pín igi tí a fi ń wọ́ kọfí fún àwọn àlejò, kí oníkálukú wọ́ ọ kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Wọ́n ń fà á bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ọtí. Nígbà tí ó kàn mí, Claudemir ki igi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Gbà, wò mí, rẹ́rìn-ín." Mo fẹ́ wọ́ ọ bó ṣe wù mí bíi tiwọn. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yí fúnra rẹ̀ títí òjìji mi fi wà níwájú mi gan-an. Ẹ ṣá rántí: òjìji níwájú tàbí lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oòrùn lè wọ inú poro tí igi bá là. Igi ọwọ́ Bàbá ni ó máa ń fi gbá wa lẹ́sẹ̀ nígbà náà bí òjìji wa bá yẹ̀. Mo wọ́ poro kan dé ìpẹ̀kun, mo yípo, mo wọ́ òmíràn bọ̀, n kò gbé igi sókè.

Gilmar ní, "Claudemir, o ò sọ fún wa pé ará oko lo lọ fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. N kò rò pé ó rí ojú mi, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òjìji ni ó ń wò lórí ilẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Patrícia ní lóko, kí èèyàn tó jẹun, ó gbọ́dọ̀ tọrọ ìre lọ́wọ́ àgbà. Ó ní kí a tò. Wọ́n tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oníkálukú ń tẹrí ba, "Ẹ súre fún mi, Bàbá àgbà," Bàbá a na ọwọ́, wọn a fẹnu kò ó, a ní, "Kí Ọlọ́run bùkún fún yín," wọn a yà á ní fọ́tò, ó tún kan ẹlòmíràn. Bí ẹni tó ń ka àpò kọfí sínú ọkọ̀ ni ó ṣe ń sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, onítìjú ni mí. Mo ní lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà yìí fún mi: n ó gba tèmi láàárín èrò, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo tò.

Èmi ni ìkẹsàn-án. Mo tẹrí ba. Mo ní, "Ẹ súre fún mi, Bàbá." N kò sọ Bàbá àgbà.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ṣì tẹrí ba, mo ṣì na ọwọ́. Patrícia ní, "Ó ti rẹ Bàbá àgbà, ẹ má bínú." Mo kúrò. Ó wá yọ ọwọ́ padà, ó súre fún àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn mi.

Inú bí Claudemir. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ igi, ó ní, "Kí lo ṣe fún un? Ṣé a kò sanwó bíi tiwọn ni? N ó lọ bi í."

Mo ní, "Má bi í. Bàbá mi ni."

Kò tètè yé e. Nígbà tí ó yé e, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú akẹtẹ̀ tí wọ́n fún un lórí. Ó ní, "Àna mi ni mo ní kí ó gbé akẹtẹ̀ sókè yẹn?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, láti orí ìsìnkú Màmá títí dé orí ìwé ìgbéyàwó. Mo rò pé yóò kẹ̀yìn sí mi nítorí tí mo ti tàn án. Ó ní, "Lọ́la, a ó lọ kí i nílé. Èmi la gbé ọmọ rẹ̀ fún, n kò tíì kí i."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a múra. Claudemir fi omi ya irun. Ó ra wàràkàṣì kan ní ilé ìyá Benedita. Mo wọ bàtà tuntun. Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì yóò gbéra. Nítorí pé ọkọ mi ni mo mú dání, tí mo fẹ́ kí ó rí i pé ilé tó níyì ni mo ti jáde, mo mú un gba ojú ọ̀nà, mo sì kan ilẹ̀kùn iwájú.

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Ta ló ń kan ilẹ̀kùn iwájú lọ́dọ̀ wa? Àlùfáà. Dókítà. Ẹni tó wá sọ pé èèyàn kú. Ọmọ ilé kì í kan ilẹ̀kùn, ìdáná ni ó ń gbà wọlé. Ọdún méje ní Campinas, nínú ilé olílẹ̀kùn kan, ni ó mú mi gbàgbé.

A gbọ́ tí ó ń fa ìdè ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Ó ṣí i. Ó ní, "Ẹ wọlé, ọ̀gá. Ẹ wọlé, ìyáàfin." Ó fi ọwọ́ nu eruku orí àga fún wa. Àwọn ife Màmá tó ní òdòdó aró ni ó fi bu kọfí, èyí tí wọn kò jẹ́ kí àwa fọwọ́ kàn rí. Ẹ ni ó ń pè mí, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ.

Claudemir dìde, ó ní, "Bàbá, èmi ni Claudemir. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Èmi ni mo fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá ní, "Ẹ kú orí ire. Ṣé kọfí yẹn kò korò jù fún yín?"

"Kò korò, Bàbá."

"Àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn ṣúgà." Ó wá béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Campinas. Claudemir ní kò tíì rọ̀. Ó béèrè bóyá ọ̀nà dára. Claudemir ní ó dára. Gbogbo ohun tí à ń bi àlejò ni ó bi wá. Ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n láàárín ọ̀rọ̀, a ó máa wo ilẹ̀ títí yóò fi lọ.

Claudemir bi í bóyá wọn yóò kun ilé yìí náà. Bàbá ní, "Oṣù kẹwàá ni wọn yóò gbà á. Bóyá kí àlejò máa sùn síbẹ̀ ni, bóyá kí wọ́n máa tọ̀ síbẹ̀ ni, n kò bi wọ́n. Wọ́n fún mi ní yàrá kan nílùú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Ṣé yàrá náà dára?" Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ látìgbà tí a ti wọlé nìyẹn.

Ó ní, "Ó ní ilẹ̀kùn kan."

Bọ́ọ̀sì fun fèrè. Claudemir gbé wàràkàṣì lé orí tábìlì. Bàbá sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ yà," ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ó ń fa ìdè padà.

N kò mọ iye ìṣísẹ̀ tí a ti rìn kó tó yé mi. Mo sọ fún Claudemir pé kí ó dúró. Mo bọ́ bàtà mi, mo fún un. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé, mo kọjá ìdí igi gúáfà, mo kọjá ibi tí igi ìdáná wà. Ilẹ̀kùn ìdáná ṣí sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣí, òkúta Màmá ló dì í mú. Mo wọlé.

Ó ń fọ àwọn ife, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Lára ìṣó lókè ààrò, ife agolo mẹ́ta ló so rọ̀: tirẹ̀, tèmi, àti tiyín tí etí rẹ̀ ti ya.

Mo ní, "Ẹ súre fún mi, Bàbá."

Kò yíjú. Ó fọ ife kan tán, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀. Bọ́ọ̀sì tún fun fèrè. Ó mú èkejì. Mo ti ń rò ó pé kò ní dáhùn, pé ó ti parí.

Ó ní, "O pẹ́."

Mo ní, "Mo pẹ́, Bàbá."

Ó ní, "Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ. Kí ó bùkún fún oníbúrẹ́dì tó dúró síta yẹn, tí kò mọ ilẹ̀kùn."

Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, egungun ni mo kàn. Mo ti ń lọ nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó ní, "Èkejì rẹ ńkọ́?"

Mo ní ẹ wà, ẹ ti bí ọmọ méjì, ẹsẹ̀ ń dùn yín díẹ̀. Ó mú ife yín lórí ìṣó, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu inú rẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ padà.

Bí mo ṣe rí i mọ nìyẹn. Mo rò pé inú mi yóò dùn bí mo bá gba ìre náà, mo ti gbà á, n kò sì lè sùn. Claudemir ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Yàrá kan ni a ní, ṣùgbọ́n ó ti ń wọn ògiri. Mo fẹ́ gbà pé yóò wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi sàréè Màmá sílẹ̀ fún? Ikọ́ yẹn pàápàá, n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Tarcísio, ẹ ní mo ní kí wọ́n rọra máa wakọ̀. Ẹ bá mi fẹnu ko Jussara àti àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Claudemir kí yín púpọ̀, ó ní òun yóò fi búrẹ́dì ránṣẹ́ bí ó bá rí ẹni tí kò ní jẹ ẹ́ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé nítorí ẹ kò lè wá síbi ìsìnkú Màmá ni ẹ̀rù fi ń bà yín. Ọmọ ọwọ́ ni ẹ ní nígbà náà. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ẹ lọ kí oṣù kẹwàá tó dé. Ẹ má bá bọ́ọ̀sì àlejò lọ. Bí ẹ bá dé ìdí igi gúáfà, ẹ má kan nǹkan kan, ẹ má sì pè. Òkúta ṣì wà nídìí ilẹ̀kùn.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,

Ivonete.